Ohun Tí Àwọ̀ Ń Ṣọ́ Nínú Ànàmọ́

Ọ̀bẹ tí ìyá mi fi ń gé ànàmọ́ kò ní èkù mọ́. Àkísà ló wé mọ́ ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń lò ó láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé gírámà. Bí oníbàárà bá dúró níwájú àtẹ rẹ̀ ní ọjà Ọ̀wọ́dé ní Ọ̀fà, tó ní òun fẹ́ mọ bí inú ànàmọ́ ṣe rí, ìyá mi á mú ọ̀kan, á là á sí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì nà án sí i láìsọ̀rọ̀. Oje funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nítòsí èèpo, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi yí ojú ibi tó gé ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé. Á jẹ́ kí oje yẹn gbẹ lára ọ̀bẹ. Bó bá gbẹ tó funfun bí ẹfun, á ní, "Gbà, èyí ní ara." Bó bá ṣàn dànù bí omi lásán, á sọ òótọ́ fún oníbàárà pé kó sè é jẹ lónìí, kó má fi ṣe èlùbọ́.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo gbé ànàmọ́ kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dáko ló fún mi ní apẹ̀rẹ̀ kan. Ìta rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ìyá mi mú ọ̀bẹ, ó là á, ó sì dákẹ́. Inú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó gbó sórí igi. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún fi èékánná ha á wò bóyá àwọ̀ náà á ṣí kúrò. Ó ní, "Àjọkẹ́, ta ló da epo sí i nínú?"

Kò fi ṣeré. Lọ́dọ̀ wa, bí oúnjẹ tó yẹ kó funfun bá pọ́n báyìí, epo pupa la mọ̀ tó ń ṣe é. Gàrí tó pọ́n ní ọjà, epo ni wọ́n fi yan án. Ó se ànàmọ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jẹ ẹ́ tán, ó ṣan ọwọ́. Ó wá sọ ohun méjì tí mi ò gbàgbé: "Ó dùn. Ṣùgbọ́n kò ní ara."

Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlọrin. Mo ti kàwé púpọ̀ nípa ànàmọ́ yìí kí n tó gbé e délé. Mo mọ̀ pé ara wa ń sọ èròjà tó pọ́n nínú rẹ̀ di fítámì A, pé ìwọ̀n gíráàmù 125 rẹ̀ péré ti tó fún ohun tí ọmọ kékeré nílò lóòjọ́, pé àìsí fítámì yìí ló ń mú kí ọmọ má ríran lálẹ́. Inú bí mi díẹ̀ pé ìyá mi fi "kò ní ara" dá irú oore bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ọdún méjì gbáko ló gbà mí kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ohun tí àwọn onímọ̀ jíìnì ń wá kiri, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀.

Ẹni tó bá mọ Ọ̀fà mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ ànàmọ́ ṣeré níbẹ̀. Ará ibòmíràn a máa pè é ní ọ̀dùnkún tàbí kúkúndùnkún, wọn a sì máa wò ó bí ìpápánu. Tiwa kọ́ nìyẹn. A ń sè é, a ń dín in, a ń gé e wẹ́wẹ́ sá sí oòrùn, a ń lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́, a ń rò ó ní àmàlà. Bí òjò bá ti mú ilẹ̀ dáadáa, okùn ànàmọ́ tí wọ́n dì ní ìdì ìdì ni wàá máa bá pàdé lórí alùpùpù lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo sí Ọ̀fà. Ohun tí oúnjẹ bá jẹ́ fún ìlú báyìí, ìlú náà ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ fún un kí àlejò tó dé. Òṣùwọ̀n ìyá mi ni oje tó gbẹ lára ọ̀bẹ.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi àwọn ẹyẹ ṣàdúrà fún mi: agbe ló laró, kì í ráhùn aró; àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn; lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Mo gbà pé ọ̀ṣọ́ ni àwọ̀, ẹ̀bùn tí Ẹlẹ́dàá fi ṣe ẹ̀dá lẹ́wà fún ojú tó ń wò ó. Ànàmọ́ yẹn ló kọ́kọ́ mú mi bi ara mi léèrè pé ta ni gbòǹgbò ń ṣọ̀ṣọ́ fún nínú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀. Kò sí oyin tó ń wá a, kò sí ẹyẹ tó ń wò ó. Èmi tí mo là á ni mo rí i, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni mo sì tó rí i.

Èròjà tó mú inú rẹ̀ pọ́n ni wọ́n ń pè ní carotenoid. Òun ló wà nínú kárọ́ọ̀tì, òun ló wà nínú èsúrú aláwọ̀ ìyeyè tí ìyá àgbà máa ń sè fún wa, òun náà ló wà nínú epo pupa. Nítorí náà ìyá mi kò ṣìnà nígbà tó dárúkọ epo. Beta-carotene, ọ̀kan lára àwọn carotenoid, tó mú epo pọ́n ló mú ànàmọ́ náà pọ́n. Ọ̀nà tó gbà dé inú rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Gbogbo ewé tútù ló ní carotenoid, bí a kò tilẹ̀ rí i nítorí pé àwọ̀ ewé ti bò ó mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe níbẹ̀. Bí oòrùn bá le ju ohun tí ewé lè lò, carotenoid ló ń gba agbára tó ṣẹ́kù, kó má baà sọ ọ́síjìn inú ewé di oníjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Irúgbìn tí kò bá lè ṣe é rárá, funfun ni yóò hù, kò sì ní pẹ́ tí oòrùn yóò fi pa á. Èyí túmọ̀ sí pé jíìnì tó ń ṣe àwọ̀, ìyẹn ìlànà tí irúgbìn jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, wà lára ànàmọ́ funfun bó ṣe wà lára èyí tó pọ́n. Kò sọnù. Nínú ewé, irúgbìn ń ka jíìnì yẹn sókè ketekete. Nínú gbòǹgbò ànàmọ́ funfun, ńṣe ló ń kà á sínú, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ta ló ń pàṣẹ pé kí a kà á sókè níhìn-ín, kí a kà á sínú lọ́hùn-ún? Ìbéèrè tó gba oorun lójú mi nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà àwọ̀ yìí ni jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní PSY wà bí oníbodè. Kò sí carotenoid kankan tí yóò ṣe tí kò ní kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹ́ńsáìmù tí jíìnì yìí ń ṣe kọjá. Bí oníbodè bá ń tòògbé, gbòǹgbò á funfun. Bó bá jí, á pọ́n.

Ẹ̀gẹ́ ni mo fi ń ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo máa ń kọ ọkọ́ àti ọkọ̀ sára pátákó. Ọkọ́ la fi ń ro oko, ọkọ̀ la fi ń kó ìre oko lọ sọ́jà. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀, àmì orí wọn nìkan ló yà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé ní ọdún 2010, Ralf Welsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì àti Kòlóńbíà gbé ìwádìí kan jáde nípa ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n fi PSY2, ọ̀kan lára àwọn PSY ẹ̀gẹ́, ti ẹ̀gẹ́ funfun wé ti aláwọ̀ ìyeyè. Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA rẹ̀, ìyẹn ohun tí a fi kọ jíìnì, ló mú ìyàtọ̀ wá. Lẹ́tà kan yẹn yí ẹyọ kan padà lára purotéènì náà, oníbodè sì jí. Mo ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò tíì rí ẹ̀kọ́ jíìnì tí ọmọ Yorùbá tètè lóye bí èyí, torí pé ọmọ tó bá ti gba òdo nínú ìwé rẹ̀ nítorí àmì ohùn kan mọ ohun tí nǹkan kékeré lè dà.

Ní 2011, orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí oríṣi ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè mẹ́ta, èyí tí NRCRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí irè oko oní-gbòǹgbò ti ìjọba àpapọ̀ ní Umudike, àti IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, jọ ṣe lábẹ́ HarvestPlus, ètò tó ń mú kí èròjà aṣaralóore pọ̀ nínú irè oko. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ọ ní ọjà pé wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún un nínú, pé kì í ṣe ẹ̀gẹ́ gidi. Ó máa ń dùn mí. Òdòdó ẹ̀gẹ́ kan ni wọ́n fi pàdé òdòdó ẹ̀gẹ́ mìíràn, wọ́n gbin hóró tó so, wọ́n ṣa èyí tó dára nínú ọmọ wọn, bí ẹni tó ń sin adìẹ ṣe ń ṣa àkùkọ tí yóò fi sílẹ̀. Àwọ̀ yẹn ti wà nínú ìdílé ẹ̀gẹ́ tipẹ́.

Ohun tí àwọ̀ náà ń ṣe nínú òkùnkùn, ojú ara mi ni mo fi rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí lẹ́bàá Ajàṣẹ́-Ìpo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ra ẹ̀gẹ́ ní apá Òmù-Àrán, ọkọ̀ tó kó o sì takú sójú ọ̀nà. Ọjọ́ kejì ni mẹkáníìkì tó rí ohun tó ṣe é, ọjọ́ kẹta ni ẹrù tó wọlé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u. Obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ṣẹ́ àkọ́kọ́ sí méjì, ó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; ó ṣẹ́ èkejì, ó tún sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mú ọ̀kan nílẹ̀ wò. Àwọn ìlà aró tó ń lọ sí dúdú ti tàn ká inú rẹ̀, láti abẹ́ èèpo wọ àárín, bí tàdáwà tó dà sórí ìwé tó tutù. Ẹnikẹ́ni kò lè fi yan gàrí tó máa tà.

Àpò mẹ́rin nínú ẹrù náà jẹ́ ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí àgbẹ̀ kan fi kún un ní owó pọ́ọ́kú, torí kò rí ẹni rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì mọ́. Mi ò sọ pé gbogbo wọn; mo rí èyí tó ti ń dúdú létí. Ṣùgbọ́n èyí tí a rí yan lọ́jọ́ yẹn, inú àpò mẹ́rin yẹn ló ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń kùn pé wọ́n fi ẹrù burúkú kún ẹrù òun, jókòó sórí àpótí, ó ń bá àwọn obìnrin bẹ ẹ́, kò sọ nǹkan kan.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí a bá ti ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kúrò nídìí igi rẹ̀, ọgbẹ́ ni fún un. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ́síjìn oníjà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní ojú ọgbẹ́, á sì máa ràn wọnú. Ibi tó bá dé ni àwọn èròjà kan, èyí tí scopoletin wà lára wọn, yóò ti yí padà di ìlà dúdú. (Ìbátan ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ iṣu funfun di àmàlà dúdú: èròjà phenolics inú iṣu ló bá ọ́síjìn pàdé, tí ẹ́ńsáìmù inú iṣu sì ràn án lọ́wọ́. Ohun tó ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi kò jìnnà sí ohun tí gbogbo Ìlọrin ń fi ewédú jẹ.) Carotenoid ló ń pàdé ọ́síjìn yẹn lọ́nà, tó ń gba ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2006, àwọn oníwàádìí ní Kòlóńbíà ti kọ ọ́ pé ẹ̀gẹ́ tí carotenoid rẹ̀ pọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dúdú ju funfun lọ. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ìdí àpò mẹ́rin yẹn ni mo ti gbà á gbọ́.

Ní ọdún kejì tí mo gbé ànàmọ́ dé, mo tọrọ ebè díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, mo gbin oríṣi mẹ́ta sí i: funfun tiwa, Mothers' Delight tó pọ́n gan-an, àti King J tí pípọ́n tirẹ̀ kò jinlẹ̀. NRCRI náà ló ṣe méjèèjì ìkẹyìn. Òjò dá lóṣù kẹjọ bó ṣe máa ń dá, ṣùgbọ́n kò padà nígbà tó yẹ kó padà. Ilẹ̀ sán. Ìyá mi ń lọ láàárọ̀ láàárọ̀ láti fi erùpẹ̀ dí ojú ebè tó sán, torí ibẹ̀ ni kòkòrò ànàmọ́ ń gbà wọlé tọ gbòǹgbò lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo lóṣòó sídìí ebè kan. Ewé ti ká jọ bí àtẹ́lẹwọ́ tó di owó mú. Iṣan rẹ̀, tó jẹ́ àwọ̀ ewé ní oṣù tó kọjá, ti di elésè àlùkò. Mo tẹ̀lé okùn náà lọ pẹ̀lú ìka mi: bó ṣe ń súnmọ́ orí ni àwọ̀ náà ń jinlẹ̀ sí i, títí dé ọ̀mùnú tó kéré jù, tó ti dúdú débi pé kò sí ohun tí mo lè fi wé e ju aṣọ òfì àlàárì tó ti pẹ́ nínú àpótí lọ. Mo yí ewé kan padà, abẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Ìyá mi dúró sẹ́yìn mi. Ó ní, "Ó ti da aṣọ bora." Ó ní èyí tó bá yí àwọ̀ báyìí, òun mọ̀ pé ó ṣì ń jà, èyí tó bá rọ jọwọrọ tí kò yí àwọ̀ kankan ni àyà òun máa ń já fún.

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ aṣọ yẹn. Àkọ́kọ́ kò hàn sójú. Bí omi bá ti ń wọ́n, irúgbìn a máa gé lára carotenoid rẹ̀, a sì fi ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ abscisic acid. Èròjà yìí ló ń pàṣẹ pé kí àwọn ihò tíntìntín tí ewé fi ń mí pa ara wọn dé, kí omi má baà tán. Ara àwọ̀ ni irúgbìn ti ń rí ohùn tó fi ń kígbe ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye èyí, mo pa ìwé dé, mo jókòó fún ìgbà pípẹ́.

Èkejì ni aṣọ tí ìyá mi rí, anthocyanin. Òun ló ń mú ewé di elésè àlùkò, òun ló wà nínú ewùrà tí inú rẹ̀ máa ń rí bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró. Òun náà máa ń gba ìjà lọ́wọ́ ọ́síjìn, ó sì máa ń ṣíji bo ewé lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ tó le jù. Jíìnì kan ṣoṣo kò lè dá a pè. Purotéènì mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fara ti ara wọn: ọ̀kan láti ìdílé MYB, ọ̀kan láti ìdílé bHLH, ọ̀kan láti ìdílé WD40. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìkòkò á dojú dé, àwọ̀ kò ní jáde. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, MYB ló sábà máa ń sọ ibi tí iṣẹ́ yóò ti ṣẹlẹ̀. Ní 2007, àwọn ará Jàpáánù rí èyí tó ń pàṣẹ fún inú ànàmọ́. IbMYB1 ni wọ́n pè é, lára ànàmọ́ wọn kan tó ń jẹ́ Ayamurasaki, tí inú rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò látòkè délẹ̀. Jíìnì àwọ̀ wà lára ànàmọ́ wa náà, ojú ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó sì gbé e jáde lára ewé. Ẹni tí yóò pè é nínú gbòǹgbò ni kò dìde.

Ó tún ku ọ̀kan tí mi ò lè fò dá. Ní Kánádà, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n rí cauliflower kan tó pọ́n nínú oko tó funfun. Cauliflower jẹ́ ẹ̀fọ́ kan bíi kábééjì. Ní 2006, Li Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà dárúkọ jíìnì tó fà á: Or. Ànàmọ́ náà ní Or tirẹ̀. Ó ń tọ́jú ilé tí carotenoid ń gbé sí, ó sì ń di oníbodè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan mú. Ẹgbẹ́ Sang-Soo Kwak ní Gúúsù Kòríà fi hàn pé bí ooru bá mú gan-an, tí PSY bá fẹ́ wó, Or ló ń gbé e ró. Wọ́n fi kún Or nínú sẹ́ẹ̀lì ànàmọ́. Carotenoid pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì náà sì fara da iyọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan náà ló di àwọ̀ mú, ló di ìfaradà mú.

Bí ó bá jẹ́ pé oore ni gbogbo rẹ̀, ànàmọ́ wo ni ì bá tún funfun? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìyá mi ti padà wá bá mi.

A wú ànàmọ́ náà nígbà tí òjò padà. Funfun ta díẹ̀, ṣùgbọ́n ó le. Mothers' Delight ta jù ú lọ. Ìyá mi gé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí òkúta, ó ń dúró de oje. Ti funfun gbẹ di ẹfun. Ti èyí tó pọ́n gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan sílẹ̀ lára ọ̀bẹ. Ti King J wà láàárín méjì. Ó tún ọ̀bẹ nù, ó tún gé, bákan náà ni. Mo ń wò ó, mo sì rántí pé sítáàṣì ni ohun tó ń pè ní ara, àti pé gbogbo ohun tí carotenoid àti sítáàṣì fi ń ṣe ara wọn, ṣúgà kan náà tó ti ewé sọ̀kalẹ̀ wá ni.

Ìwádìí kan jáde ní 2020 lórí àwọn ọmọ ànàmọ́ méjì: Beauregard ará Amẹ́ríkà tó pọ́n tí sítáàṣì rẹ̀ kéré, àti Tanzania ará Áfíríkà tí kò pọ́n tí sítáàṣì rẹ̀ pọ̀. Wọ́n bá PSY àti jíìnì mìíràn tó ń bójú tó ọ̀nà sítáàṣì, sucrose synthase, ní àdúgbò kan náà lórí kírómósómù, ìyẹn okùn tí àwọn jíìnì tò sí. Ilé wọn lẹ̀ mọ́ra. Bí òbí bá ń fi ogún sílẹ̀ fún ọmọ, àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀: ọmọ tó bá gba àwọ̀ ni kì í gba ara. Nínú ẹ̀gẹ́ Áfíríkà náà, wọ́n ti rí ohun tó jọ ọ́ lórí kírómósómù kìíní. "Ó dùn. Ṣùgbọ́n kò ní ara." Àkísà àti ọ̀bẹ ni ìyá mi fi mọ̀ ọ́n.

Nítorí èyí, ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹni tó mú irúgbìn tuntun wá bá wa ń sọ pé àwọn ìyá wa kò fẹ́ ìlọsíwájú. Àwọn ìyá wa ń ka àdéhùn tí wọ́n kọ sínú gbòǹgbò. Ẹni tí èlùbọ́ ń bọ́ láti oṣù kejìlá títí di ìgbà tí òjò yóò tún rọ̀ kò lè fi sítáàṣì tọrẹ. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe irúgbìn kọ́kọ́ jókòó sídìí àtẹ kan fún ọjọ́ ọjà márùn-ún, kó wo ohun tí ọwọ́ ń wá. Àwọn kan ti ṣe é. Ní Mòsáḿbíìkì, ibi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti máa ń gba okùn ànàmọ́ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, Maria Andrade àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé oríṣi 15 jáde ní 2011, tó pọ́n tó sì fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Robert Mwanga ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ùgáńdà. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn mẹ́rin tó gba World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ lórí oúnjẹ, ní 2016. Ilé méjì tó lẹ̀ mọ́ra ṣeé yà. Ó kàn ń gba ọmọ púpọ̀ àti sùúrù púpọ̀ ni, torí ànàmọ́ ń ru kírómósómù 90, ẹ̀dà mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹnì kan ní ọjà bi mí lọ́dún tó kọjá bóyá ènìyàn ti fi ọwọ́ kan ànàmọ́ pupa yìí nínú DNA. Mo dá a lóhùn pé rárá, ìṣàyàn ni. Mo tún sọ fún un ohun tí wọ́n rí ní 2015: wọ́n yẹ oríṣi ànàmọ́ 291 tí ènìyàn ń gbìn wò, wọ́n bá DNA bakitéríà Agrobacterium nínú gbogbo wọn. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó fi í síbẹ̀. Inú ilẹ̀ ni bakitéríà náà ti wọ inú ìyá ńlá ànàmọ́ ní ọjọ́ pípẹ́, àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ sì ń gbìn ín lọ láìmọ̀. Obìnrin náà mú ànàmọ́ funfun ìyá mi lọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Èyí náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ra kọ́ńgò méjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dé Ọ̀fà, mo bá ìyá mi lóko. Ó ti gé okùn tí yóò gbìn lọ́dún yìí, ó dì wọ́n ní ìdì mẹ́ta. Ìdì funfun ló tóbi jù. Ìdì King J tẹ̀lé e, ó sì tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Ìdì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fi àkísà pupa so, kó má baà ṣì í mú. Mo bi í pé èwo nìyẹn. Ó ní Mothers' Delight ni, ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀gbọ́n mi, pé ebè mẹ́fà tó fún wọn, kí wọ́n máa sè é jẹ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé. Ó na ọ̀bẹ sí mi, ó ní kí n gé ìdí àwọn okùn tó gùn jù kúrò, kí oòrùn tó mú.